Ẹkún Ayé àti Ìsápamọ́

Ohùn méjì ni a máa ń gbọ́ nínú ọgbà wa ní alẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí. Ohùn kìíní a máa wí pé ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe: àwọn ọmọ kò gbọ́ràn mọ́, owó ni gbogbo ènìyàn ń sìn, ìjọ ń bá ìjọ jà, kí ni ẹfun ìkọ̀wé ọwọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo lè kọ tí yóò pa gbogbo èyí rẹ́? Ohùn kejì kì í pariwo. Ó ní, a rí oúnjẹ jẹ, a sì ní orin ìrọ̀lẹ́ nínú ilé ìsìn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn odi kì í ṣe tiwa. Kí olúkúlùkù gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ó sì máa lọ ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, lójú tiwa, ọmọ ìyá kan náà ni ohùn méjèèjì. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ tí ó ń sunkún ayé, àti ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ayé, kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ nínú wọn.

Àwọn kan yóò wí pé Ìwé Mímọ́ kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe fẹ́ràn ayé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jeremáyà, wòlíì tí ó mọ ẹkún sun ju gbogbo wa lọ, ni ó kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí ó kó wọn lẹ́rú.

Kò sì yẹ kí a máa lọ sí Bábílónì ṣáá, bí ẹni pé kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a wo Samuel Johnson, ẹni tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nítorí ìwé ìtàn rẹ̀, tí a sì ń gbàgbé pé tíṣà ni. Ní Sàró ni a bí i ní 1846. Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, Ìbàdàn ni ó sì ti kọ́ni kí ó tó di àlùfáà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti sọ ìrètí nù, òun ni. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn wà níhà kan, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà níhà kejì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì dí ọ̀nà etíkun. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ìbọn kìíní dún ti tó ẹni tí ń gbé ìbọn kí ogun tó tú. Johnson ìbá jókòó ti ilé ìwé àti ìjọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìbá bá a wí.

Ṣùgbọ́n ní 1881 ó gba ìwé lọ́wọ́ Aláàfin Adéyẹmí, ó sì kọrí sí Èkó sọ́dọ̀ Gómìnà, láti bẹ̀bẹ̀ kí a bá wọn parí ogun náà. Àlàáfíà kò dé. Ó padà, ó sì tún lọ. Ní 1886, òun àti Charles Phillips, àlùfáà Oǹdó, ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrin àwọn ibùdó ogun, títí àwọn ọba àti àwọn balógun fi fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Síbẹ̀síbẹ̀, ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin ní Ọ̀fà kò dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú ìwé ìtàn náà: ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù níbẹ̀. Ó kú ní 1901 láì fi ojú rí i. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ni ó ko àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ tí ó tún un kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé Johnson kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó ka àwọn ìlú tí ó parun lẹ́sẹẹsẹ. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti bàjẹ́, ó sì mọ ọ̀nà Èkó.

Àwa kò kẹ́gàn ìdákẹ́jẹ́ (bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Johnson ṣe àwáwí láti sá fún ìwé kíkà). Olúwa wa pàápàá a máa gun orí òkè lọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a máa sọ̀ kalẹ̀, àwọn aláìsàn a sì ti máa dúró dè é nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Iye àwa tí a ń lọ sí abúlé ẹ̀yìn odò ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, ń dín kù. Àwọn kan ní oko ni àwọn ọmọ náà yóò padà sí, kí ni àǹfààní rẹ̀? Àwọn mìíràn ní ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a ń bẹ̀ wọ́n fún, kì í ṣe ìdánwò wọn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ti ka ABD dé "gb", tí ó sì ń béèrè èyí tí ó tẹ̀lé e. A óò péjọ ní ẹnu ọ̀nà ńlá ní aago mẹ́ta ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀.