Àgbádárìgì, Ìlú Tó Yẹ Kí A Fẹsẹ̀ Rìn

Àárín ọ̀sà àti òkun ni Àgbádárìgì wà, ẹsẹ̀ ló sì yẹ kí èèyàn fi wo ìtàn rẹ̀. Ní Marina, létí ọ̀sà, ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845 wà. Òun ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á sì padà sílé, ohun tó dunni gan-an ni. Ọgbà Sẹ̀ríkí Williams Abass, tó kú ní 1919, wà nínú ìlú náà. Wọ́n ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Brazil ní kékeré. Nígbà tó padà dé, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Nínú ọgbà yìí, yàrá tóóró ni wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́. Ní ilé ìdílé Mobee, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi ń de ọmọdé. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ojú omi yóò gbé èèyàn kọjá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí etí òkun ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga kan kọjá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé omi rẹ̀ ń mú kí ẹrú gbàgbé ilé. Apá ìrìn yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ etí òkun nítorí ìgbì, nítorí náà ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú la ìgbì kọjá lọ bá a lójú agbami.