Ẹ Má Fi Àpótí Bo Ihò

Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri amọ̀, bí kò ṣe ògiri inú géèmù kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan wà láàárín wa tí gbígbá géèmù nìkan kò tẹ́ lọ́rùn mọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìjà tiwọn. Quake, tí id Software gbé jáde ní 1996, dára fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó ńlá, ọ̀fẹ́ sì ni TrenchBroom tí a fi ń ya ilé inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Quake ní èèwọ̀ kan: ilé kò gbọdọ̀ jò. Bí àlàfo bíńtín bá wà láàárín ògiri méjì, tí ó já sí òfìfo ìta, kọ̀ǹpútà kò ní lè gé ẹ̀yìn ògiri dànù. Vis, ètò tí ń ṣírò ohun tí a lè rí láti yàrá kan sí èkejì, kò sì ní lè ṣiṣẹ́.

Kí ni ọ̀pọ̀ akọ́lé ń ṣe sí i? Wọn a gbé àpótí ràgàjì kan bo gbogbo ilé mọ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ a dákẹ́, wọn a ní iṣẹ́ ti parí. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Àpótí kò dí ihò. Ó kàn sọ òfìfo ìta di ara ilé ni. Gbogbo ẹ̀yìn ògiri tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láéláé ni kọ̀ǹpútà yóò máa ṣírò, iṣẹ́ vis yóò sì gùn jàn-ànràn. Wọ́n ní, "Ta ni yóò lọ wo ẹ̀yìn ilé?" Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí yóò wò ó. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà àlòkù, tí wọ́n lè mú iná rẹ̀ lọ kí iṣẹ́ tó dé ìdajì, ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ kò le. Ojú iṣẹ́ TrenchBroom ní àwọn ìlà bíi ti ìwé gíráàfù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n 32 tàbí 16, kí ẹ jẹ́ kí igun gbogbo búlọ́ọ̀kù jókòó sórí ìlà. Búlọ́ọ̀kù tí a yí po ló sábà máa ń kúrò lórí ìlà, níbẹ̀ sì ni àlàfo ti ń yọ. Búlọ́ọ̀kù kan kò gbọdọ̀ ní ibi tó tẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá fẹ́ ògiri tó ṣẹ́ kọ́ńdú, ẹ fi méjì kọ́ ọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀kùn tó ń ṣí láti dí ihò, nítorí kì í dí i.

Bí ilé bá wá jò, ètò náà fúnra rẹ̀ yóò kọ fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pts. Ẹ ṣí i nínú TrenchBroom. Ìlà kan yóò fà láti inú ilé títí dé ìta. Ibi tó bá ti la ògiri kọjá, ibẹ̀ ni kí ẹ dí. Kí ló wá kù tí a ó fi máa wá àpótí?

Mo sì ń rọ̀ wá: kí á tó fún ayé ní ilé tí a kọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé e fún ẹlẹgbẹ́ wa kan kó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, yóò di odindi. Ire o.