Kì í ṣe fídíò nìkan ló pa ilé sinimá wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ ní Àjàṣẹ́ níbí tó máa ń bí mi nínú. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé sinimá àdúgbò wa tó ti kú, wọ́n á ní: «Fídíò ló pa á.» Àwọn mìíràn á fi kún un pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí sinimá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní olè jíjà. Èmi kò gbà. Olè ti wà kí sinimá tó dé. Ti fídíò ni kí a sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún bíi tèmi, ẹ rántí. Àwọn tó san owó kékeré máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbangba. Bí òjò bá dé, gbogbo wa á sá lọ sábẹ́ páànù. Fíìmù kàráté ni wọ́n ń fi hàn, àti ti Íńdíà. Ti kàráté ń sọ Faransé. Ti Íńdíà ń sọ èdè Íńdíà, wọ́n á wá kọ Faransé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mélòó nínú wa ló gbọ́ Faransé? Mélòó ló lè kà á?

Nítorí náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan á jókòó sáàárín àwọn àgbà, á máa túmọ̀ ní Nàgó. Ọmọ mìíràn á máa túmọ̀ ní Ègùn ní apá kejì. «Ó ní òun kọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó ní òun yóò pa á.» Ọmọ tí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ á hùmọ̀ tirẹ̀, àwọn àgbà á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa máa ń fi ẹ̀pà sanwó fún ọmọ tó bá túmọ̀ fún un.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó ná. Ní 1988 àti 1989, àwọn báńkì ìjọba wó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù púpọ̀ láì gba owó oṣù. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní 1994, wọ́n já owó séfà wálẹ̀. Fránkì ilẹ̀ Faransé 1 tó jẹ́ séfà 50 di séfà 100 lójijì. Fíìmù, ẹ̀rọ sinimá, iná inú ẹ̀rọ náà, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Onílé sinimá wo ni kò ní fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì?

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ní àwọn ọdún náà, kaséètì fídíò ń ti Èkó wá, ó ń gba ibodè Ìgòlò wọlé. Ẹni tó ní tẹlifísọ̀n á gbé e sí yàrá rẹ̀, á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àwòrán náà kéré, ó ń gbọ̀n, yàrá náà gbóná bí ààrò. Síbẹ̀ a kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kí ló dé? Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀! Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí Nàgó tiwa, ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́ ọ? Ìyá àgbà yẹn kò wá ọmọ tí yóò túmọ̀ mọ́. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì bú ọkùnrin burúkú inú fíìmù náà ní èdè tí ọkùnrin náà ń sọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí fíìmù Yorùbá nígbà náà. Ọlá Balógun ti ṣe Àjàní Ògún ní 1976. Ayé ti Hubert Ògúndé jáde ní 1979. Fíìmù gidi ni wọ́n, ti ojú aṣọ funfun ńlá, kì í ṣe ti kaséètì. Ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí fíìmù Yorùbá ní ilé sinimá àdúgbò wa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èrò kún dé ojú títì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n padà sí kàráté.

Ẹnìkan sọ fún mi pé Faransé tí a gbọ́ níbẹ̀ wúlò. Ó wúlò fún ta ni? Mo ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí wọ́n wo sinimá fún ọdún mẹ́wàá. «Haut les mains!» nìkan ni wọ́n mú bọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ sókè!

Lónìí, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó sínú ilé náà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a tún un ṣí, mo sì fara mọ́ ọn. Tẹlifóònù tí olúkúlùkù ń wò nínú igun tirẹ̀ kò lè mú kí àdúgbò kan rẹ́rìn-ín pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Faransé nìkan ni wọn yóò tún máa sọ níbẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì wọn sílẹ̀ síbẹ̀. Láti 2003 ni a ti ní ìgbìmọ̀ kọmínì tí a dìbò yàn. Ẹ kọ ìwé sí wọn nípa ilé yìí. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ kọ ọ́ ní Nàgó, kí àwọn náà wá ọmọ tí yóò túmọ̀ fún wọn.