Èdè Ojú Ọ̀nà: Ṣé Dandan Ni Kí Awakọ̀ Àjàgbé Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kò sí ẹni tí òwe yìí bá mu tó awakọ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ti òkèèrè rí ohun tó wà níwájú, kí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ìkìlọ̀ sójú ọ̀nà ní èdè tí awakọ̀ náà kò gbọ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló di àríyànjiyàn ńlá ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 2025: ṣé dandan ni kí ẹni tó ń fi ọkọ̀ àjàgbé ṣiṣẹ́ ṣe gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè lásán ni. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ tírélà ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan sì wà nílé níbí tí wọ́n ti ń gbèrò pé iṣẹ́ náà ni àwọn yóò ṣe bí ẹsẹ̀ àwọn bá tẹ ilẹ̀ ọ̀hún. Bí òfin bá ń wọn ẹnu awakọ̀ wò, ẹnu tiwa náà wà nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Òfin ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1930 ló ti wà nínú ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pé awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì lè sọ ọ́. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní kí ó lè fi èdè náà ṣe: kí ó lè bá ará ìlú sọ̀rọ̀, kí ó lóye àmì ojú pópó, kí ó lè dáhùn ìbéèrè àwọn aláṣẹ, kí ó sì lè kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni ìjìyà ẹni tí kò bá kún ojú òṣùwọ̀n. Ní ọdún 2016, àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe tìtorí èdè nìkan dá awakọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ mìíràn tó yí èyí padà. Nígbà tó fi di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ẹni tí kò bá yege àyẹ̀wò èdè kò lè gbé ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀ mọ́. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìrésà.

Ìpele méjì ni àyẹ̀wò náà. Lákọ̀ọ́kọ́, òṣìṣẹ́ aláṣẹ yóò bi awakọ̀ ní ìbéèrè lórí ìrìn àjò rẹ̀, ẹrù tó kó àti ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn. Kò gbọdọ̀ pe ògbufọ̀, kò sì gbọdọ̀ lo fóònù láti fi túmọ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó bá yege èyí, wọn yóò fi àwọn àmì ojú pópó hàn án kí ó sọ ìtumọ̀ wọn.

Àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé tó kún fọ́fọ́ ní Amẹ́ríkà lè wọ̀n tó 80,000 pọ́ùn, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 36. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ń sáré, kì í dúró ní kété tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó mọ ohun tí àmì ń sọ ti pẹ́ jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ló mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná janjan. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ India fẹ́ yí ọkọ̀ àjàgbé padà lójú ọ̀nà márosẹ̀, ní ibi tí àmì ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló lè gbà. Ọkọ̀ rẹ̀ dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ kékeré kan forí sọ ọ́, ènìyàn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà Amẹ́ríkà sọ pé nígbà tí wọ́n dán awakọ̀ náà wò lẹ́yìn ìjàǹbá, ìbéèrè 2 péré nínú 12 ló dáhùn bó ṣe yẹ, àmì 1 nínú 4 ló sì dá mọ̀. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé òfin èdè dára?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé ìjàǹbá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Cuba wá ń wa ọkọ̀ àjàgbé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ní ìpínlẹ̀ Colorado. Bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́. Ó kọjá ọ̀nà ìdákọ̀dúró tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ kọlu àwọn ọkọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró nísàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 110 fún un. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn bẹ̀bẹ̀ fún un, gómìnà ìpínlẹ̀ náà sì dín in kù sí ọdún 10. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò jù nínú ẹjọ́ yìí ni ìpinnu tó ṣe lórí òkè náà: kí ló dé tí kò fi yà sí ọ̀nà ìdákọ̀dúró? Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní mu omi, tí wọn kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé tọ́ọ̀nù 36 sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, inú ewu kan náà ló wà. Gbígbọ́ èdè wúlò, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìmọ̀ iṣẹ́.

Àwọn tó lòdì sí òfin náà tún ní ohun kan tí wọ́n rí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, awakọ̀ ará Poland lè wa ẹrù gba Jámánì kọjá dé ilẹ̀ Faransé láìgbọ́ èdè méjèèjì dáadáa. Ohun tó mú èyí rọrùn ni pé àwòrán àti àwọ̀ ló pọ̀ jù nínú àmì ojú pópó wọn. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lórí ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá ní kí awakọ̀ mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ ó yẹ kí ó rántí pé òun ló yan ọ̀rọ̀ dípò àwòrán. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba Amẹ́ríkà kan náà a máa yọ̀ǹda fún àwọn adití kan láti wa ọkọ̀ àjàgbé, ìlànà wọn sì sọ pé àìlèsọ̀rọ̀ lẹ́nu nìkan kò sọ adití di ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí fi hàn gbangba pé òye ni ọ̀nà ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, kì í ṣe ohùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyí. Òfin sọ pé kí awakọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì “tó”, ṣùgbọ́n kò sọ iye tó jẹ́ “tó”. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó dá ọkọ̀ dúró ni wọ́n fi ìyẹn sí. Èdè Yorùbá kò ní ìró v, kò sì ní ìró z. Bí ọmọ Yorùbá bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè abínibí rẹ̀ a máa bá a wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Texas, kí òṣìṣẹ́ kan máa bi í ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé kí ló wí. Ṣé òun ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, àbí etí ẹni tó ń bi í léèrè ni kò tíì mọ ohùn rẹ̀ lára? Bí òṣùwọ̀n bá ti wà nínú etí ènìyàn kan ṣoṣo, ohun tí ẹnìkan yóò pè ní òye, ẹlòmíràn yóò pè é ní àìgbọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì dá dúró báyẹn, owó oúnjẹ ọmọ ẹnìkan ló dúró síbẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fàyè gba àwọn ìpínlẹ̀ láti ṣe ìdánwò alákọsílẹ̀ fún ìwé àṣẹ ọkọ̀ àjàgbé ní èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe ìdánwò ìwakọ̀ fúnra rẹ̀. Awakọ̀ tó fa ìjàǹbá Florida gba ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò lè dá ju àmì kan mọ̀ nínú mẹ́rin, ta ló dán an wò? Ta ló fọwọ́ sí ìwé náà? Iléeṣẹ́ wo ló kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́? Àwọn bàbá wa ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí akátá bá ti lọ tán, ó yẹ kí a bi ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà sílẹ̀ léèrè.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Ó tọ́ kí awakọ̀ àjàgbé gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ ojú ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó bá sọ pé ìwà ìkà ni èyí kò tíì ronú nípa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dán an wò kí ìwé àṣẹ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Kí ìbéèrè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí èsì rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tí wọ́n bá dá dúró sì rí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ kíákíá. Kí wọ́n sì bi awakọ̀ ní ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè: gíga afárá, ìwọ̀n ẹrù, òkè tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ níwájú, ẹrù tó lè gbiná. Bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń yí kò sí lára rẹ̀.

Kí a tó máa wo Amẹ́ríkà láwòfín, ẹ jẹ́ kí a yọjú sí títì tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ ojú ọ̀nà nílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ tó kó tòmátì láti Kano wá sí ọjà Mile 12 lè jẹ́ ẹni tí Hausa nìkan yé, ọmọ Yorùbá tó sì kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá awakọ̀ lè má tíì jókòó ní kíláàsì rí. Àmì alágbègbè mẹ́ta tó ní etí pupa yé wọn. Pátákó tó sọ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ níwájú lè máà yé wọn. A kò nílò òfin láti mọ ohun tó yẹ níbẹ̀. Kí àwòrán pọ̀ sí i lójú ọ̀nà, kí Yorùbá àti Hausa sì jókòó ti Gẹ̀ẹ́sì lórí pátákó wa.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò láti lọ wa tírélà lókè òkun, ẹ má ṣe fọkàn balẹ̀ pé ẹ ti yege Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò WAEC. Gẹ̀ẹ́sì ojú ọ̀nà yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Ẹ kọ́ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ mọ àwọn àmì tó wà fún ọkọ̀ ńlá nìkan. Ẹ mọ bí ẹ ṣe lè fi gbólóhùn kúkúrú ṣàlàyé ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ibi tí ẹ ń lọ, àti wákàtí tí ẹ ti lò nídìí ọkọ̀, nítorí òfin wọn kò gbà ju wákàtí 11 ìwakọ̀ lọ kí awakọ̀ tó sinmi. Bí aláṣẹ bá dá yín dúró, ẹ rọra sọ̀rọ̀; bí ẹ kò bá sì gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ẹ ní kí ó tún un sọ. Ẹ má ṣe fi “bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá” dáhùn ohun tí kò yé yín. Ojú ọ̀nà kì í bi ni léèrè lẹ́ẹ̀mejì.