Orúnkún Boniface

Ní Oǹdó níbí, bí wọ́n bá ti dárúkọ Victor Boniface, góòlù ni gbogbo wa ń kà. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí ní ọdún 2000. Ó gbá góòlù 14 wọlé nínú líìgì Jámánì ní sáà 2023/24, nígbà tí Bayer Leverkusen gba ife líìgì náà láìsí ẹni tó nà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣan orúnkún rẹ̀ já ní Norway, nígbà tó wà ní Bodø/Glimt. Ó gba ìtọ́jú, ó sì padà sórí pápá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ká ní Àkúrẹ́ ló ti fara pa ńkọ́? Ta ni ì bá sanwó iṣẹ́ abẹ? Mo mọ àwọn tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù í gbá gan-an, tó jẹ́ pé omi gbígbóná àti òrí nìkan ni wọ́n fi tọ́jú orúnkún wọn. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn báyìí.

Lérò tèmi, kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa tó tún pápá kankan kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn.