Owó Tó Wà Nínú Èèpo Kajú

Láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù a máa gbé kóró kajú láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin lọ sí èbúté Èkó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn ò tíì pa. Bí wọ́n ṣe já a lára èso ni wọ́n ṣe sá a, tí wọ́n dì í sápò, ó di Vietnam tàbí Íńdíà. Bí a bá ń kédàárò owó tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa nídìí òwò yìí, ọmọ inú kóró, èyí tí à ń yan jẹ, nìkan là ń sọ. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ èèpo.

Bẹ́ẹ̀ èèpo ló kó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwọ̀n kóró náà. Ihò wẹẹrẹ ló wà nínú rẹ̀, epo dúdú ló sì kún ibẹ̀. Ọmọdé tó bá ti fi eyín fọ́ kóró kajú tútù mọ epo yẹn: ètè rẹ̀ á bó. Ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní anacardic acid ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí epo náà bá gbóná dáadáa, ásíìdì yìí á yí padà di cardanol, tí í ṣe ọmọ ìyá kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní fínọ́ọ̀lì.

Fínọ́ọ̀lì ti ń pa owó tipẹ́. Òun àti formaldehyde ni onímọ̀ kẹ́míkà Leo Baekeland pò pọ̀ ní Yonkers, ní Amẹ́ríkà, ní 1907, tó fi rí ike líle tí wọ́n ń pè ní Bakelite. Títí dòní òun ló wà nínú gọ́ọ̀mù tí ń lẹ pákó pọ̀ àti nínú ọwọ́ ìkòkò tí iná kì í yọ́. Inú epo rọ̀bì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Cardanol ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ara rẹ̀ tún rọ̀ jù ú lọ, kì í tètè sán, kò sì fẹ́ràn omi. Wọ́n ń sọ ọ́ di líle, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ń dà á sínú bíréèkì páàdì kí bíréèkì lè máa mú nígbà tó bá gbóná. Wọ́n tún fi ń ṣe èròjà tí ń mú ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi gan, kódà nínú òtútù àti ọ̀rinrin.

Ohun tó dùn mí ni pé bí ọmọ inú kóró bá ṣe pọ̀ tó ni àwọn oníbàárà fi ń díye lé e. Epo èèpo kò sí nínú ìṣirò àgbẹ̀, ó kàn bá àpò lọ ni. Níbi tí wọ́n ti ń pa kajú nílé níbí, wọ́n sábà máa ń fi èèpo dáná, èéfín rẹ̀ a sì máa ta ni lójú.

Èmi ò ní kí ìjọba lọ kọ́ iléeṣẹ́ kẹ́míkà ràgàjì. Irú ẹ̀rọ tí a fi ń fún epo àdín lè fún epo èèpo kajú. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a máa tà á ní dírọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ìyẹn la ó máa sọ ti cardanol àti ti bíréèkì páàdì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń rà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì ń pa kajú ní Ìlọrin, kó fi owó epo yẹn kún ohun tó ń san fún àgbẹ̀.