Ìwé-ẹ̀rí orí fóònù kò sọ ọ̀dọ́ di aṣáájú

Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà: "Mo ti parí kọ́ọ̀sì náà, sẹ̀tífíkéètì mi ti jáde." Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wí kì í sábà jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìdarí ni, nípa ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ, bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń pẹ̀tù sí aáwọ̀, bí a ṣe ń ṣọ́ àkókò lò. Àkójọ ìmọ̀ wọ̀nyí ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń pè ní soft skills. Ọgbọ́n ìbánilò ni Yorùbá lè pè é. Orí ayélujára ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọ̀dọ́ á dá jókòó sínú yàrá, á wo fídíò bíi mẹ́fà lórí fóònù, á fi ìka yan ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́wàá, ìwé-ẹ̀rí tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí á sì jáde. Á gbé e sí ojú ewé rẹ̀ lórí LinkedIn, àwọn ojúgbà á kí i kú oríire, ó tún di orí òmíràn.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń pín ìwé-ẹ̀rí yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n: ta ni ó ti sọ di aṣáájú? Ọ̀dọ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ sísọ, tí ọ̀rọ̀ sì há sí i lọ́fun nígbà tí agbanisíṣẹ́ ní kí ó sọ nípa ara rẹ̀, kí ni èrè rẹ̀? Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ọ̀dọ́ náà. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Ọrùn àwọn tí ó sọ ẹ̀kọ́ tí kò ṣeé kọ́ láìsí ènìyàn di ohun tí ènìyàn ń dá wò bíi sinimá ni ẹ̀bi wà: ìjọba tí ń wá iye tí yóò kà fún aráyé, àjọ tí ń wá ìròyìn tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fún un lówó, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti gbé ojúṣe tirẹ̀ sọ sẹ́yìn.

Kí ọ̀rọ̀ má baà di èké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ìyìn tọ́ sí. Ayélujára ti ṣí ilẹ̀kùn tí ó ti wà ní títì tipẹ́. Láti ọdún 2012 tí àwọn olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford, Andrew Ng àti Daphne Koller, ti dá Coursera sílẹ̀, ọmọbìnrin tó wà ní Ṣakí lè gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ olówó Amẹ́ríkà ń gbọ́. Láti ọdún 2020 ni Jobberman, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Mastercard Foundation, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní ọgbọ́n ìbánilò láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò 3MTT kalẹ̀ lábẹ́ mínísítà Bọ́sún Tìjání, láti fi ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn wọlé, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó yó. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí méjì láti MIT, Justin Reich àti José Ruipérez-Valiente, tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science, nípa àwọn ẹ̀kọ́ orí ayélujára tí MIT àti Harvard fi sórí edX. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kópa ní sáà 2017 sí 2018, bí ẹni mẹ́ta péré ni ó parí ẹ̀kọ́. Láàárín àwọn tí ó sanwó fún ìwé-ẹ̀rí pàápàá, iye àwọn tí ó parí kò tó ìdajì. Orílẹ̀-èdè olówó sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wá, níbi tí iná kì í ti í kú bó ṣe wù ú. Kí ni ti ọ̀dọ́ tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún owó wọn, àfikún tí ó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Fídíò tí ọ̀dọ́ fi irú dátà bẹ́ẹ̀ wò, tí kò sì là á lẹ́nu, òfò ni wọ́n kó bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò èrè. Iye tí ó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà, iye tí ó wo fídíò dé òpin, iye tí ó gba ìwé-ẹ̀rí. Ètò 3MTT pàápàá, iye ènìyàn ni ó fi ṣe orúkọ. Ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣì ní ìdánwò tirẹ̀: ẹni tí ó ní òun mọ iṣẹ́ náà, kí ó ṣe é, bí kò bá ṣiṣẹ́, gbogbo ènìyàn á rí i. Báwo ni wọ́n ṣe ń dán sùúrù wò? Wọ́n á bèèrè pé, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ bá bínú sí ọ, kí ni ó yẹ kí o ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́wàá á yan ìdáhùn tí ó ní kí a fi sùúrù tẹ́tí sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹlẹgbẹ́ náà dúró níwájú ènìyàn lọ́sàn-án gangan, kí ó máa pè é ní olè lójú oníbàárà, kí ẹni náà sì rí ohùn pẹ̀lẹ́ fọ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ìka yàn. Ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹnu ènìyàn ni ohùn méjèèjì ti ń jáde, iwájú ènìyàn ni a sì ti ń kọ́ èyí tí a óò fọ̀.

Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀kọ́ wọ̀nyí mọ òtítọ́ náà. Ẹ wo YALI, ètò tí ìjọba Barack Obama dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní ọdún 2010. Ohun tí ó kan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nínú rẹ̀ ni fídíò àti ìwé-ẹ̀rí orí ayélujára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ tọ́ àwọn tí wọ́n gbà pé yóò di aṣáájú lóòótọ́, àwọn 500 àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún Mandela Washington Fellowship ní ọdún 2014, wọn kò fi mọ sórí fídíò. Wọ́n kó wọn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n pín wọn sí àwọn yunifásítì, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbé pọ̀, kí wọ́n jiyàn pọ̀, kí wọ́n bá ara wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ àwọn àyànfẹ́. Fídíò ni wọ́n fi tu àwọn yòókù nínú. Bí fídíò bá tó, kí ló dé tí wọn kò fi í mọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn 500 yẹn?

Síbẹ̀, kò tọ̀nà láti ní ayélujára kò lè sọ ọ̀dọ́ di aṣáájú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Feminist Coalition kó owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 140 náírà jọ lórí ayélujára láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n fi bọ́ àwọn tó ń wọ́de, wọ́n fi tọ́jú àwọn tó farapa, wọ́n fi ran àwọn tí wọ́n tì mọ́lé lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé ìṣirò owó náà síta kí gbogbo ayé rí i. Nígbà tí ọ̀nà ilé ìfowópamọ́ dí mọ́ wọn, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Kò sí ẹni tó ti fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹrù orí wọn ni ó kọ́ wọn: owó olówó lọ́wọ́, ojú aráyé lára, ewu lẹ́yìnkùlé. Fóònù kan náà ni wọ́n lò tí ọ̀dọ́ yòókù fi ń wo fídíò. Àwọn gbé ẹrù. Àwọn yòókù ń wòran.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ èyí. Ọ̀dọ́ tí àwọn ojúgbà rẹ̀ bá ṣe àáró lóko mọ̀ pé ọjọ́ tí òun náà yóò san án ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń pa àdéhùn mọ́. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí èésú ń kọ́ òtítọ́ lọ́jọ́ tí owó gbogbo ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ebi sì ń pa á nílé. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ kì í kọ́ abẹ́rẹ́ nìkan: ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń tu oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá nínú, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, tí òun fúnra rẹ̀ ní láti bẹ̀bẹ̀. Lóòótọ́, àwọn agbo wọ̀nyí ní àbùkù. Àwọn ọ̀gá kan ń fi ọmọ-iṣẹ́ ṣe ẹrú, àwọn ìjókòó àgbà kan sì wà tí ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ yanu níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn ayélujára fi ṣe iyebíye fún ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n nítorí àbùkù agbo, a kì í tú agbo ká kí a wá ti ọ̀dọ́ mọ́ inú yàrá pẹ̀lú fóònù. Agbo ni a óò tún ṣe.

Èdè àti ìwà ọmọlúàbí tún kan ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lórí ayélujára ni ó ń sọ pé kí ènìyàn tẹjú mọ́ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a tọ́ ní Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tí ó tẹjú mọ́ àgbà tí kò ṣẹ́jú. Bí ó bá wolẹ̀ níwájú ọ̀gá bánkì ní Èkó, wọ́n á ní kò nígboyà. Bí ó bá tẹjú mọ́ baba onílé tí ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó yájú. Ẹni tí ó mọ èyí tí yóò ṣe níbi tí ó wà ni ó gbọ́n, fídíò tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì Amẹ́ríkà kò sì lè kọ́ ọ ní ìyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ní Ìbàdàn fi ń bá ènìyàn lò lójúmọ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ tí ó fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún 2022 ni ó tún wọ́gi lé e ní ọdún 2025. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé kò sí ẹni tó ń wá ẹ̀kọ́ ìdarí tí a ṣe ní Yorùbá.

Àwọn kan á bèèrè pé owó dà. Wọ́n á ní ó rọrùn láti fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù ènìyàn ju kí a kó ogún ènìyàn jọ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣiṣẹ́, ọ̀wọ́n ni, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ètò 3MTT pàápàá fi àwọn ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ orí ayélujára rẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé fídíò nìkan kò tó. Ohun èlò ìpéjọ sì wà nílẹ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ tí NYSC ń rán káàkiri láti ọdún 1973 máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń ṣófo nírọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn ìlú wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́ṣáláṣí wà.

Ohun tí ó kù ni ìpinnu. Kí ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ìbánilò kankan má ṣe fún ọ̀dọ́ ní ìwé-ẹ̀rí mọ́ bí kò bá ní agbo: bí ogún ènìyàn tí ó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan darí ìpàdé, kí ẹnì kan kọ àkọsílẹ̀, kí gbogbo wọn dìde sọ̀rọ̀, ní Yorùbá lọ́sẹ̀ yìí, ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n sì gbé ẹrù gidi lé ọ̀dọ́ lórí. Bí àdúgbò bá ń dá owó ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ti ọdẹ, kí ọ̀dọ́ kọ ìwé owó náà, kí ó sì ròyìn rẹ̀ níwájú ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Àwọn tí ó sìn ni kí ó buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Kí ìjọba àti àwọn olùrànlọ́wọ́ sì yí ìṣirò padà: kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún kan láti wo ohun tí ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ ti darí, kí wọ́n sì tẹ ìròyìn náà jáde. Àwọn àgbà pàápàá ní ti wọn: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìpàdé ìlú tí ọ̀dọ́ kò ti lè ṣe akọ̀wé tàbí akápò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ọ̀dọ́ ìwòyí kò mọ̀ọ̀yàn lò.

Ohun tó wà nílẹ̀ tóbi ju ìwé-ẹ̀rí lọ. Òfin Not Too Young To Run tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ọdún 2018 ti jẹ́ kí ẹni ọdún 25 lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, kí ẹni ọdún 35 sì lè díje fún ipò ààrẹ. Àga náà ti ṣófo sílẹ̀ de àwọn ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lásán, tí wọn kò tíì fi ẹnu tu ènìyàn mẹ́wàá tí inú ń bí lójú rí, tí wọn kò tíì ṣírò owó ẹlòmíràn rí, àwọn àgbà òṣèlú tí kò fẹ́ dìde lórí àga á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? A sọ fún yín pé wọn kò tíì tó." Ẹni tó bá ń fẹ́ ire fún àwọn ọ̀dọ́, kí ó yé pín ìwé fún wọn, kí ó gbé ẹrù lé wọn lórí.